Kí Béárì Tó Bá Péńgúìnì Ta Ayò: Bí A Ṣe Ń Ya Àlọ́ Ẹranko Ilẹ̀ Yìnyín, Tí A Sì Ń Pàtẹ Rẹ̀

Ọmọ ọdún méje kan ló fojú mi hàn mí níbi ìpàtẹ àwòrán mi àkọ́kọ́, nínú gbọ̀ngán ilé ìkàwé àdúgbò kan nílùú Ọba. Àwòrán tí mo gbójú lé jù lọ́jọ́ náà ni ti béárì funfun kan tó jókòó kọjú sí péńgúìnì, tí àwọn méjèèjì ń ta ayò lórí yìnyín. Ọmọ náà wò ó títí, ó wá bi mí pé, "Ta ló wọkọ̀ lọ bá ẹnì kejì?" Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kò sẹ́ni tó wọkọ̀, ilé wọn ni wọ́n wà. Ó mirí. "Béárì ń gbé lókè ayé, péńgúìnì ń gbé nísàlẹ̀. Wọn ò mọra wọn rí." Ìyá rẹ̀ ní kó dákẹ́, kó má bá àgbà jiyàn. Àmọ́ ọmọ ló jàre.

Arctic, ní òkè àríwá ayé, ni béárì funfun wà. Ìsàlẹ̀ gúúsù ni àwọn péńgúìnì pọ̀ sí, láti Antarctica wá sókè díẹ̀. Kò sí ibi kankan lórí ilẹ̀ ayé tí àwọn méjèèjì ti lè pàdé, àfi bí èèyàn bá tì wọ́n mọ́ ọgbà ẹranko kan náà. Kì í ṣe pé ó léèwọ̀ láti yà wọ́n pọ̀ o, àlọ́ ṣáà la ń pa. Ohun tó dùn mí ni pé ìbéèrè ọmọ yẹn dùn ju àwòrán mi lọ. Ká ní mo ti mọ ohun tó mọ̀ ni, ìrìnàjò yẹn gan-an ni ǹ bá yà: péńgúìnì tó ru àpótí, tó dúró sí ibùdókọ̀ nínú oòrùn, ní àárín méjì ayé, tí kò sì sẹ́ni tó mọ ọkọ̀ tó ń dúró dè.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mú un ní òfin pé ìwà ẹranko ni mo máa kọ́kọ́ mọ̀ kí n tó yà á. Àwọn tó pàlọ́ ìjàpá fún wa ti kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn ìjàpá dáadáa. Wọ́n rí i pé ó là síra wọn bí àpáàdì tí a tò pọ̀, kí wọ́n tó sọ pé ó já bọ́ láti òkè ọ̀run. Ilà ẹ̀yìn ló bí àlọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe yẹ kó rí pẹ̀lú ẹranko ilẹ̀ yìnyín: kí ẹ̀fẹ̀ àwòrán yín hù láti inú ohun tí ẹranko náà ń ṣe gan-an. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ya ọ̀wọ́ àwòrán bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé wọn kọ́ fáráyé wò, bí mo ṣe ń ṣe é rèé.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìwà wọn

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ọ̀dà, ẹ wá ìwé kan, kẹ́ ẹ fa ilà sí àárín ojú ewé rẹ̀. Ní apá òsì, ẹ kọ ohun tí ẹranko ń ṣe. Ní apá ọ̀tún, ẹ kọ ìbéèrè tó sọ sí yín lọ́kàn, bó ti wù kó jẹ́ ìbéèrè ọmọdé tó. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo máa ń fi ṣe èyí nìkan, bí ọwọ́ ṣe ń yún mi láti ya nǹkan náà ni mo ń kó ara mi níjàánu.

Díẹ̀ nínú ohun tó wà ní apá òsì ìwé mi nìyí.

Òkúta wẹ́wẹ́ ni péńgúìnì Adélie fi ń kọ́ ìtẹ́, kí omi yìnyín tó ń yọ́ má bàa dé ọ̀dọ̀ ẹyin. Òkúta ò sì pọ̀ níbẹ̀, nítorí náà wọ́n ń jí ti ara wọn. Èyí tó bá lọ jí ti aládùúgbò rẹ̀ lè padà bá ìtẹ́ tirẹ̀ tó ti fúyẹ́.

Péńgúìnì emperor, tó tóbi jù nínú gbogbo wọn, ẹyin kan ṣoṣo ni abo rẹ̀ ń yé. Yóò gbé e fún akọ, yóò sì kọrí sí òkun láti wá oúnjẹ. Akọ á gbé ẹyin lé orí ẹsẹ̀ rẹ̀, á fi awọ ikùn bò ó, á sì dúró bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ 65 nínú òkùnkùn ìgbà òtútù, láìfẹnu kan nǹkan kan. Àwọn baba wọ̀nyí a máa fún ara wọn pọ̀ gírígírí, wọ́n á sì máa gbapò fún ara wọn, kí ẹni tó wà létí níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń bu ni jẹ lè dé àárín tó móoru.

Narwhal, ẹja àbùùbùtán kékeré tó wà ní Arctic, ní ohun kan tó gùn jáde lórí rẹ̀ bí ọ̀kọ̀. Ìwo kọ́ o. Eyín ni, eyín apá òsì, tó gba ètè òkè yọ jáde, tó lọ́ bí okùn tí a ran, tó sì lè gùn tó mítà 3. Láyé ọjọ́un, àwọn oníṣòwò a máa tà á fún àwọn ọba Yúróòpù pé ìwo ẹṣin abìwo-kan ni, àwọn ọba náà á sì sanwó gidi.

Walrus, ẹranko ńlá kan nínú òkun Arctic, máa ń fi eyín gígùn rẹ̀ méjèèjì kọ́ etí yìnyín láti fa ara rẹ̀ jáde nínú omi. Odobenus ni àwọn onímọ̀ ń pè é, ohun tó túmọ̀ sí ni "afeyín-rìn".

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ funfun a máa tẹ̀ lé béárì lẹ́yìn lórí yìnyín òkun, ní ọ̀nà jíjìn díẹ̀, kó lè jẹ àjẹkù ẹran seal, ẹranko òkun tí béárì ń pa jẹ, tí béárì bá fi sílẹ̀. Ẹ ò rí i pé àlọ́ ti parí síbẹ̀? Ẹni tó mọ ìjàpá kò nílò àlàyé kankan lórí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ yìí.

Ẹyẹ kan sì wà, Arctic tern, tí kò wúwo ju nǹkan bí gíráàmù 100 lọ. Àríwá ló ń pamọ sí, gúúsù ló ń lọ lo ìyókù ọdún. Àwọn onímọ̀ so ẹ̀rọ wẹ́wẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ àwọn kan tó gbéra láti Greenland, àbájáde rẹ̀ jáde ní 2010: wọ́n ń rin ìrìn tó ju kìlómítà 70,000 lọ lọ́dún. Nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀kalẹ̀, àwọn kan a máa tọ etí òkun Áfíríkà, àwọn kan á sì yà sọdá sí ìhà Brazil. Nínú gbogbo ẹranko tó wà nínú ìwé mi, èyí nìkan ló mọ òkun ẹ̀gbẹ́ wa. Òun ni mo sì fi ṣe ońṣẹ́ tó ń gbé lẹ́tà láti inú àwòrán kan bọ́ sí èkejì nínú ìpàtẹ mi kejì. Àwòrán béárì àti péńgúìnì wá ní àtúnṣe: wọn ò pàdé mọ́, lẹ́tà ni wọ́n ń kọ síra wọn, ayò náà wọ́n ń ta á nínú lẹ́tà.

Ẹ lọ wo ẹranko fúnra yín bẹ́ ẹ bá lè ríbi lọ. Fídíò dára, àmọ́ kì í jẹ́ kéèyàn mọ bí nǹkan ṣe tóbi tó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Scotland, péńgúìnì wà ní Edinburgh Zoo, béárì funfun sì wà ní Highland Wildlife Park. Ẹ̀yin tí ọ̀nà yín bá já sí South Africa, péńgúìnì ilẹ̀ Áfíríkà ń rìn kiri ní Boulders Beach, lẹ́bàá Cape Town. Kì í ṣe ẹranko ilẹ̀ yìnyín, oòrùn ló ń yá, àmọ́ ìrìn péńgúìnì ni ìrìn péńgúìnì: bí ọrùn ṣe ń yí, bó ṣe ń fi ẹ̀gbẹ́ kan wo nǹkan. Pẹ́ńsù nìkan ni kẹ́ ẹ mú lọ. Ẹ̀gbẹ̀rún fọ́tò inú fóònù ò tó àwòrán ogún tí ẹ fọwọ́ ara yín fà wìrìwìrì.

Edward Wilson, dókítà àti ayàwòrán tó bá Scott, ọ̀gá àwọn arìnrìn-àjò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ sí Antarctica lẹ́ẹ̀méjì, mọ èyí dáadáa. Níta, ọ̀dà olómi á dì sórí búrọ́ọ̀ṣì. Nítorí náà pẹ́ńsù ló fi ń fa àwòrán nínú òtútù, yóò kọ orúkọ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó di inú ilé onípákó wọn kó tó kùn ún. Ní 1911, nínú òkùnkùn àárín ìgbà òtútù, òun àtàwọn méjì míì rìn lọ sí Cape Crozier nítorí ẹyin péńgúìnì emperor, mẹ́ta péré ni wọ́n gbé délé láìfọ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló kú pẹ̀lú Scott nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láti òpin gúúsù ayé. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Polar Museum nílùú Cambridge. Ẹ lọ wò ó, kẹ́ ẹ rí bí ẹni tó ń gbọ̀n ṣe lè fa ilà tó dúró ṣinṣin.

Ibi tí ìwà ti ń di ìtàn

Ìbéèrè mẹ́ta ni mo máa ń bi ẹranko kọ̀ọ̀kan. Kí ló ń fẹ́? Kí ló dènà rẹ̀? Ta ló ń wò ó tí kò mọ̀? Ìkẹta yẹn ló máa ń sọ àwòrán di àlọ́, nítorí òǹwòran fúnra rẹ̀ náà wà lára àwọn tó ń wòran.

Ẹ jẹ́ ká mú péńgúìnì olè òkúta. Mo kọ́kọ́ yà á níbi tó ti ń mú òkúta ní ìtẹ́ aládùúgbò. Ó dáa, àmọ́ kò pa mí lẹ́rìn-ín. Ìgbà kejì, mo yà á níbi tó ti ń sá lọ. Ó burú sí i, ó wá dà bí ìròyìn inú ìwé ìròyìn. Ìgbà kẹta, mo gbé òkúta sí i lẹ́nu, mo jẹ́ kó máa rìn bọ̀ wálé kẹ̀lẹ́kẹ̀lẹ́ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan, ojú rẹ̀ wo ọ̀run. Lẹ́yìn rẹ̀, ní igun òkè lápá ọ̀tún, níbi tí ojú kì í tètè dé, aládùúgbò rẹ̀ gan-an wà nídìí ìtẹ́ rẹ̀, ó ti kó òkúta mẹ́ta sí abẹ́ apá. Mo wá to gbogbo òkúta inú àwòrán náà ní àwọ̀ eérú, àyàfi ọ̀kan tó pupa, èyí tó wà lẹ́nu olè. Ẹni tó jí kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fọn ọ́n? Ẹni tó bá gbédè wa á gbọ́ òwe yẹn nínú òkúta pupa. Ẹni tí kò gbédè náà á rẹ́rìn-ín bákan náà.

Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni pé kí èèyàn ya ìṣẹ́jú tó ṣáájú kí àṣírí tó tú. Bí àṣírí bá ti tú nínú àwòrán, òǹwòran ò níṣẹ́ kankan mọ́.

Aṣọ ńkọ́? Gbogbo ẹni tó bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí ló máa ń fẹ́ dé fìlà fún gbogbo ẹranko, èmi náà ṣe é. Ẹ rọra. Ohun èèyàn kan ṣoṣo tó fún àwòrán kan, kí ohun náà sì ní ìdí tó fi wà níbẹ̀. Narwhal tó lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eyín, tí gbogbo ara rẹ̀ wà nínú yàrá àmọ́ tí eyín náà ti gba fèrèsé yọ síta, tí àwọn ẹyẹ sì ti sá aṣọ lé e lórí: ìyẹn tó. Ẹ má tún wọ bàtà fún un. Ayé gan-an tiẹ̀ máa ń ṣe ẹ̀fẹ̀ ju ayàwòrán lọ. Péńgúìnì king kan wà ní Edinburgh Zoo tó ń jẹ́ Nils Olav, ọmọ ogun ẹ̀ṣọ́ ọba Norway ni wọ́n fi í ṣe. Ní 2016 wọ́n fi í jẹ Brigadier, ní 2023 wọ́n tún gbé e ga sí Major General. Ìgbà tí mo ya péńgúìnì tó ń yẹ àwọn sójà wò, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé èmi ni mo dá a sílẹ̀.

Nǹkan kan wà tí mo ní láti sọ níbí. Àwọn ará Arctic ní àlọ́ tiwọn, wọ́n sì ní ayàwòrán tiwọn. Nílùú Kinngait, ní àríwá Kánádà, àwọn Inuit ti ń fi òkúta gbígbẹ́ tẹ àwòrán jáde láti ìparí àwọn ọdún 1950. Kenojuak Ashevak, ẹni tí wọ́n bí ní 1927, ló ṣe òwìwí olókìkí yẹn ní 1960, èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ nà jáde bí ìtànṣán oòrùn. Kánádà fi í sórí sítáǹbù ní 1970. Ẹ wo iṣẹ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó ya òwìwí kankan. Àmọ́ ìyá inú òkun tí àwọn Inuit ń sọ ìtàn rẹ̀, tí ìka ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n gé di seal àti walrus, tiwọn ni, ó sì wúwo lọ́wọ́ wọn. Mo ti rí ẹnìkan tó wọ aṣọ búlúù fún un, tó pè é ní Yemọja. Kò bójú mu. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ya Yemọja, omi rẹ̀ ò jìnnà sí wa.

Ọ̀rọ̀ funfun

Ibí yìí lọ̀pọ̀ ń kú sí. Wọ́n á ra ọ̀dà funfun ńlá, wọ́n á dà á sórí kánfáàsì funfun, wọ́n á wá ya béárì funfun sí i. Ohun tó máa ń jáde níbẹ̀ dà bí ògiri tí kò tíì kùn tán.

Ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun nílé. Lẹ́yìn tí ìyá wa bá ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ tó sì mọ́, wọn á da búlù sínú omi tí wọ́n máa fi ṣàn án. Búlù díẹ̀ báyìí, ṣẹ́ẹ̀tì á sì funfun ju funfun lọ. Bí a bá sì da á jù, a di ẹni ẹlẹ́yà ní iléèwé. Òfin yìnyín nìyẹn gẹ́lẹ́. Láyé àwọn baba wa, àwọ̀ mẹ́ta ni à ń pè ní gbòógì, funfun, pupa, àti dúdú, funfun wọn sì gbòòrò tó láti gba eérú mọ́ra àti àwọ̀ ojú ọ̀run tó mọ́ rekete. Ẹni tó bá ń fi ojú yẹn wo yìnyín ti rí i kí òyìnbó tó ṣàlàyé.

Bí mo ṣe ń ṣe é: mi ò kì í bẹ̀rẹ̀ lórí kánfáàsì funfun. Mo máa ń po yellow ochre, ọ̀dà tó pọ́n rúsúrúsú bí amọ̀, pẹ̀lú pupa díẹ̀ nínú omi púpọ̀, mo fi kun gbogbo ojú kánfáàsì, mo jẹ́ kó gbẹ. Ó máa rí bí awọ ẹ̀kọ tó gbẹ díẹ̀. Gbogbo yìnyín tí mo bá wá kùn lé e ni mo ń fi àlàfo sílẹ̀ nínú rẹ̀, kí àwọ̀ ìsàlẹ̀ yẹn máa yọjú níbí lọ́hùn-ún. Ìyẹn ni oòrùn. Fún òjìji, ultramarine, ìyẹn búlúù tó jinlẹ̀, ni mo ń pò mọ́ burnt sienna díẹ̀, ìyẹn àwọ̀ ilẹ̀ pupa, títí á fi di eérú tó fẹ́ jọ aró tó ti ṣá, mo wá fi funfun là á. Òjìji orí yìnyín kì í dúdú, ojú ọ̀run ló ń dà sínú rẹ̀. Òkè yìnyín tó ti pẹ́, tí ó ti fún mọ́ra fún ọ̀pọ̀ ọdún, máa ń ní àwọ̀ búlúù gidi, nítorí yìnyín a máa mu pupa inú ìmọ́lẹ̀, búlúù ló ń ṣẹ́ kù fún ojú wa.

Béárì wá ńkọ́? Béárì funfun kò funfun. Awọ rẹ̀ dúdú, irun rẹ̀ kò ní àwọ̀ kankan, ó dà bí gíláàsì, ihò sì wà nínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ló ń sọ ọ́ di funfun. Nígbà tó bá dúró lórí yìnyín, ńṣe ló dà bí bọ́tà. Nítorí náà funfun mi fún béárì ní yellow ochre nínú, àti àwọ̀ ilẹ̀ díẹ̀ níbi ọrùn àti ẹsẹ̀. Yìnyín tó yí i ká tutù, òun gbóná. Ìyàtọ̀ yẹn nìkan ló máa fi hàn pé béárì wà níbẹ̀, ẹ ò nílò láti fa ilà dúdú yí i ká.

Ẹ dán an wò báyìí: ẹ mú bébà funfun tí a fi ń tẹ̀wé, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán yín. Bí yìnyín yín bá funfun tó bébà náà níbi gbogbo, ẹ ti ṣe é jù. Nínú àwòrán mi kan, ibi tí mo ti lo funfun láìpo nǹkan kan mọ́ ọn kò ju èékánná méjì lọ: orí imú béárì tó tutù, àti etí yìnyín kan tí oòrùn kọ lù.

Ẹ má ṣe fi ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé ojú ọ̀run àríwá sínú gbogbo àwòrán. Ó lẹ́wà, ó sì máa ń mú kí gbogbo nǹkan jọ káàdì ìkíni. Ẹ̀kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ lò ó nínú gbogbo ìpàtẹ. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ohun ìyanu tí àwọn èèyàn ò mọ̀, ẹ ya ojú reindeer, àgbọ̀nrín ilẹ̀ yìnyín: inú ẹyinjú rẹ̀ máa ń dán bí wúrà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ń di búlúù nígbà òtútù.

Fún ẹ̀yin tó wà nílé, ọ̀dà acrylic a máa gbẹ wàràwàrà nígbà ọyẹ́. Ẹ tẹ́ ìnura tó tutù sínú abọ́ pẹrẹsẹ, kẹ́ ẹ tẹ́ bébà tí wọ́n fi ń yan búrẹ́dì lé e, orí bébà náà ni kẹ́ ẹ ti máa po ọ̀dà. Ó lè wà ní tútù di ọjọ́ kejì bẹ́ ẹ bá fi ìdérí bò ó.

Gbígbé e kọ́

Àwòrán méjìlá sí mẹ́rìnlá tó fún ìpàtẹ kékeré. Ó sàn kó kéré ju kó pọ̀ lọ. Ẹ to gbogbo wọn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú gbọ̀ngán kẹ́ ẹ tó kan ìṣó kankan, kẹ́ ẹ rìn yí wọn ká. Mi ò kì í tò wọ́n ní ti ẹranko, béárì níbí, péńgúìnì níbẹ̀, ìyẹn dà bí ọjà ẹran. Ìrìn ẹyẹ tern ni mo tẹ̀ lé: láti àríwá, gba òkun kọjá, dé gúúsù. Ẹni tó bá wọlé á rí i pé òun ń rìnrìn àjò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Àwòrán tó ń pani lẹ́rìn-ín jù kò gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ibi tí ẹsẹ̀ ti máa ń rẹ̀ wọ́n, ìyẹn lẹ́yìn ìlàjì, ni kẹ́ ẹ gbé e sí.

Ìṣirò àlàfo kò le. Ká ní ògiri yín gùn ní mítà 9, àwòrán méje ló sì máa gbà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60. Méje lọ́nà 60 jẹ́ 420. Yọ ọ́ kúrò nínú 900, ó ku 480. Àlàfo mẹ́jọ ló wà, tẹ́ ẹ bá ka ti ìpẹ̀kun méjèèjì. Pín 480 sí mẹ́jọ, ó jẹ́ 60. Ó tán.

Gíga ni wọ́n máa ń ṣì. Ọ̀pọ̀ gálárì máa ń mú kí àárín àwòrán wà ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 150 láti ilẹ̀. Èmi máa ń gbé e wá sí 140, nítorí àwọn ọmọdé ló ń wá jù, àwọn ló sì ń rí olè òkúta kí bàbá wọn tó rí i. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí ìṣó máa wà: ẹ mú 140, ẹ fi ìdajì gíga àwòrán kún un. Ká ní ó ga ní 60, ìdajì jẹ́ 30, ó di 170. Ẹ wá fi ìka fa wáyà ẹ̀yìn férémù sókè bí ẹni gbé e kọ́, kẹ́ ẹ wọn ibi tó dé sí etí òkè. Bó bá jẹ́ 8, ẹ yọ 8. Ìṣó wà ní 162. Ẹ kan ìṣó méjì, kì í ṣe ẹyọ kan, férémù ò ní máa wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan ní gbogbo ìgbà tí ẹnìkan bá pa ilẹ̀kùn dé gbàgà.

Iná láti òkè, kó dà sílẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀, kó má ṣe kọ lu gíláàsì padà sójú òǹwòran. Àwòrán ọ̀dà olómi kò gbọ́dọ̀ rí oòrùn ojú fèrèsé rárá, ó máa ṣá.

Ní ti ohun tí ẹ máa kọ sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán, ẹ kọ orúkọ àwòrán, ohun tẹ́ ẹ fi yà á, ìwọ̀n rẹ̀, ọdún, iye owó. Lẹ́yìn náà, gbólóhùn kan ṣoṣo tó jẹ́ òótọ́ nípa ẹranko náà. Ẹ má ṣàlàyé ẹ̀fẹ̀. Lábẹ́ narwhal mi, ohun tí mo kọ ni: "Eyín ni, kì í ṣe ìwo." Àwọn èèyàn á kà á, wọ́n á tún wo fèrèsé yẹn lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀rín á wá bú jáde. Kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi tó kí màmá tó gbàgbé awò ojú lè kà á.

Owó, àti ọjọ́ ṣíṣí

Ẹ béèrè iye tí gálárì ń yọ nínú owó ọjà, kẹ́ ẹ rí i nínú ìwé kẹ́ ẹ tó gbé nǹkan kan lọ. Gálárì kan wà tí mo bá sọ ọ́ lẹ́nu pé ìdá kan nínú mẹ́ta, nígbà tí àwòrán tà tán ó di ìdajì, ẹ̀rí kankan ò sí lọ́wọ́ mi. Láti ìgbà náà, bó jẹ́ gbọ̀ngán ìjọ ni, ìwé ni.

Àwòrán tí a fọwọ́ yà kì í rọrùn fún gbogbo èèyàn láti rà, torí náà ẹ tẹ mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú wọn sórí bébà tó dáa, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà sí i, kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i. Ẹ má sì yà láti ara fọ́tò tẹ́ ẹ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìgba àṣẹ. Àwọn tó dì mọ́ yìnyín fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó ya fọ́tò béárì yẹn mọ iṣẹ́ wọn bí wọ́n bá rí i.

Ìkésíni lórí WhatsApp tó. Ní ọjọ́ ṣíṣí, ẹ pa àlọ́ kan, ẹyọ kan péré, níwájú àwòrán kan. Mo máa ń pe "Àlọ́ o!", bí Yorùbá mẹ́ta bá wà níbẹ̀, "Àlọ̀!" á ti jáde lẹ́nu wọn kí àwọn tó kù tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, gbogbo gbọ̀ngán á dáhùn.

Lẹ́yìn ìpàtẹ, ẹ dí ihò ìṣó, kẹ́ ẹ sì ṣọ́ra bẹ́ ẹ ṣe ń di àwòrán. Acrylic kì í le tán pátápátá, ọ̀rá tó ní róbótó afẹ́fẹ́ nínú a máa lẹ̀ mọ́ ọn bí ara bá gbóná. Ẹ kọ́kọ́ fi bébà búrẹ́dì bo ojú rẹ̀, kí ọ̀rá tó wá sórí. Mi ò mọ èyí nígbà àkọ́kọ́. Béárì mi kan gbé àmì róbótó-róbótó bọ̀ wálé lẹ́yìn, ó ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Níbi ìpàtẹ tó tẹ̀ lé e, ọmọdébìnrin kan dúró níwájú rẹ̀, ó ní ṣé ilẹ̀kẹ̀ ni béárì yẹn sùn lé lórí ni? Mo kọ ọ́ sí apá ọ̀tún ìwé mi.